Ta Ló Kọ́kọ́ Wá Ẹnì Kejì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ọmọ ọdún 41 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Íbàdàn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí. Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà, mo sì ti jáde síwájú pẹpẹ nígbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwọn ajíhìnrere bá pè. Lóṣù tó kọjá, níbi ìpàdé àdúrà àwa obìnrin, wọ́n ní kí kálukú sọ ọjọ́ tó di àtúnbí. Mi ò rí ọjọ́ kankan mú. Arábìnrin kan wá sọ lójú gbogbo wọn pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọn ò tíì bí i nìyẹn. Látọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Àbúrò mi ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà sì tún ní Ọlọ́run pe òun, ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé èèyàn ló ń wá Ọlọ́run ni, àbí Ọlọ́run ló ń wá èèyàn? Bó bá jẹ́ Òun ló ń wá wa, kí ló dé tí kò wá mi bó ṣe wá Pọ́ọ̀lù?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìfaradà.

Kí n tó ṣí Bíbélì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí yẹn. Ìyá tó bí bàbá mi kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé òun ti ń ru omi lódò lọ́dún tí eéṣú jẹ oko. Bàbá mi fúnra wọn, kóòtù ni wọ́n ti lọ búra ọjọ́ orí fún wọn kí wọ́n tó ríṣẹ́. Akọ̀wé kóòtù ló fojú díwọ̀n ọjọ́ tó kọ sínú ìwé náà. A ò torí ìyẹn sọ pé wọn ò bí wọn. Màmá wà níwájú wa, ó ń mu ẹ̀kọ, ó ń pàṣẹ, ó ń bá wa jà. Ẹni tó bá wà láàyè, wọ́n ti bí i.

Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther gan-an, ọdún tí wọ́n bí i kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Nǹkan bíi 1809 ni wọ́n ń kọ. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn, tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi í pààrọ̀. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ àwọn Potogí tó ń kó wọn lọ dúró lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Sàró. Ní 1837, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà gígùn kan, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa. Ọjọ́ tó ṣe ìrìbọmi, ó kọ ọ́ pérépéré: ọjọ́ 11 oṣù December, 1825. Ọjọ́ tí ọkàn rẹ̀ yí padà ńkọ́? Ó ní ó tó nǹkan bí ọdún kẹta tí òun ti kúrò lóko ẹrú èèyàn kí òun tó rí i pé òun ṣì wà lóko ẹrú mìíràn tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀. Ó wá ní ó wu Olúwa láti ṣí ọkàn òun. Ó parí. “Nǹkan bí ọdún kẹta.” Bó bá jókòó sí ìpàdé àdúrà yín lóṣù tó kọjá, arábìnrin yẹn ì bá fún Bíṣọ́ọ̀bù wa náà ní òdo.

Gbólóhùn tí Àjàyí lò yẹn, kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16:14 ni, nínú ìtàn ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tiyín. Lìdíà, aláṣọ, ará Tìátírà, tó ń ta aṣọ elésè àlùkò ní ìlú Fílípì. Aṣọ olówó ni o; àwọn tí apá wọn ká a ló ń rà á. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn obìnrin kan kóra jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò láti gbàdúrà, Pọ́ọ̀lù sì lọ jókòó tì wọ́n, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ìlù, kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò sí ẹni tó ṣubú. Ohun tí Lúùkù kọ ni pé Olúwa ṣí ọkàn rẹ̀ láti fetí sí ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ.

Ẹ padà sókè díẹ̀ nínú orí kan náà. Ní ẹsẹ kẹfà, Pọ́ọ̀lù fẹ́ wàásù ní agbègbè Éṣíà, Ẹ̀mí Mímọ́ ní rárá. Ó fẹ́ yà sí Bìtíníà, Ẹ̀mí tún ní rárá. Nígbà tó dé Tíróásì, ó rí ìran ọkùnrin ará Makedóníà kan tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọdá wá ran àwọn lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Ta ló bá pàdé lódìkejì òkun? Obìnrin ará Tìátírà, Tìátírà tó wà ní Éṣíà tí wọn ò jẹ́ kó wàásù sí! Ọlọ́run ti gba Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ètò ara rẹ̀ kí Lìdíà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òun tó ń gba aṣọ, tó ń gba owó, tó sì ń lọ sódò gbàdúrà lọ́jọ́ ìsinmi, kò mọ̀ pé wọ́n ti ń yí ọkọ̀ ojú omi sí ọ̀nà torí òun.

Nínú orí yẹn náà, wọ́n ju Pọ́ọ̀lù àti Sílà sẹ́wọ̀n. Lóru, ilẹ̀ mì tìtì, ilẹ̀kùn ṣí, ẹ̀wọ̀n já, onítúbú fẹ́ẹ́ fi idà gún ara rẹ̀, ó wá wólẹ̀, ó ń gbọ̀n. Òun náà gbà gbọ́, òun náà ṣe ìrìbọmi lóru ọjọ́ náà. Ìlú kan náà, ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì máa wà. Mo máa ń rò ó lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n jẹ́rìí, onítúbú á dìde, á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, Lìdíà á kàn ní, “Ẹ̀gbẹ́ odò ni mo wà.” Ṣùgbọ́n ilé Lìdíà ni àwọn àpọ́sítélì padà sí nígbà tí wọ́n jáde lẹ́wọ̀n.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ ni pé Òun ló kọ́kọ́ wá wa. Jésù sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú nínú Jòhánù 6:44 pé kò sẹ́ni tó lè wá sọ́dọ̀ òun bí kò ṣe pé Baba tó rán òun fà á. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà fún “fà” níbẹ̀ náà ni Jòhánù lò nígbà tí Pétérù fa àwọ̀n tí ẹja 153 wà nínú rẹ̀ wá sétí òkun. Òun náà ni Lúùkù lò nígbà tí wọ́n wọ́ Pọ́ọ̀lù àti Sílà lọ sọ́jà ní Fílípì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àmọ́ kì í ṣe okùn ọrùn náà. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ará Áfíríkà tó wà ní Hippo, wàásù lórí ẹsẹ yìí, ó ní: fi ẹ̀ka tútù han àgùntàn, o ti fà á nìyẹn, fi àsálà han ọmọdé, o ti fà á, kò sì sí okùn níbì kankan. Ìfẹ́ ọkàn ni okùn náà. Ọlọ́run kì í fa èèyàn bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tó ń dá ẹsẹ̀ dúró. Òun ló ń fi ohun tó dùn síwájú wa, Òun náà ló ń fún wa ní ẹnu tí a fi ń tọ́ ọ wò.

Èdè wa gan-an gbè mí lẹ́yìn. Jeremáyà 31:18 gbàdúrà pé: “Yí mi padà, èmi yóò sì yí padà.” Ẹ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń sọ ti ẹni tó ń yí nǹkan àti ti nǹkan tó ń yí. Ilẹ̀kùn ṣí, ta ló ṣí i? Àwọn tí wọ́n ń jà lórí bóyá Ọlọ́run ló ṣe é ni tàbí èèyàn, bí i pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kí ẹnì kejì tó dìde, ó dà bíi pé wọn ò tíì fetí sí gbólóhùn yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́jà mọ èènì. Ẹ ra kọ́ńgò ìrẹsì mẹ́ta, ẹ sanwó, oníresì wá bu ẹ̀kún ọwọ́ kan lé e. Kò sẹ́ni tó ń fún oníbàárà ní èènì kó tó rajà. Mo sì ń bẹ̀rù pé ọ̀pọ̀ wa ló fi oore-ọ̀fẹ́ ṣe èènì. Èmi á kọ́kọ́ san tèmi: ààwẹ̀, omijé, jíjáde síwájú pẹpẹ. Ọlọ́run á wá bu díẹ̀ lé e. Éfésù 2 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní a ti kú nínú ẹ̀ṣẹ̀. Òkú kì í nájà. Ó ní oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, pé ìyẹn pàápàá kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ àwa fúnra wa, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi: ìgbà mẹ́rin tí ẹ jáde yẹn, mo fura pé owó lẹ ń kó lọ síbi tí wọn ò ti tajà. (Jíjáde síwájú pẹpẹ náà kò tilẹ̀ tíì pẹ́ bí a ṣe rò. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1800 sí 1840, ni ó gbilẹ̀, oníwàásù Charles Finney sì ni ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kì í ṣe ohun búburú, mo ti rí àwọn tí Ọlọ́run pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Pétérù kò mọ̀ ọ́n, Àjàyí kò sì débẹ̀.)

Ẹrù mìíràn tún wà tí a ń gbé bọ̀ láti ilé, mi ò sì fẹ́ kí ẹ má mọ̀ pé ó wà lórí yín. Àwọn bàbá wa ní àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Kí èèyàn tó wáyé, ó ti kúnlẹ̀ nílé Àjàlá alámọ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ mú orí, kò sì mọ èyí tó jiná lára àwọn orí náà àti èyí tí òjò máa pa tú. Nígbà tí Yorùbá bá gbọ́ pé Ọlọ́run “yàn” wá, Àjàlá ni ọkàn rẹ̀ ń lọ bá láìmọ̀: bóyá orí mi kì í ṣe orí ẹni ìgbàlà, bóyá èyí tí mo mú ti sán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń yan nǹkan nínú ìtàn yẹn. Èèyàn ni, nínú òkùnkùn, kò sì sẹ́ni tó máa bá a gbé àṣìṣe rẹ̀. Éfésù 1 yí i padà láti ìdí: Ọlọ́run ló yàn, inú Kírísítì ló ti yàn wá, ṣáájú ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, kí ẹnikẹ́ni tó ní eékún tó máa fi kúnlẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ sọ nínú Jòhánù 15:16 pé: “Kì í ṣe ẹ̀yin ni ó yàn mí, ṣùgbọ́n èmi ni ó yàn yín.” Ẹni tí kò yan ara rẹ̀ kò lè ṣi ara rẹ̀ yàn.

Mo mọ̀ pé àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí. Pelagius, olùkọ́ ẹ̀sìn kan láyé Augustine, bínú nígbà tó gbọ́ àdúrà Augustine tó ní kí Ọlọ́run fúnni ní ohun tó bá pa láṣẹ, kó sì pàṣẹ ohun tó bá fẹ́. Kò lè gbà á mọ́ra. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Carthage ní 418 kò gbà fún un. Ní Dort, ní Netherlands, láti 1618 sí 1619, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Calvin àti ti Arminius tún gbé e. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: kì í ṣe lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣípò ni wọ́n ti jà ní Dort. Lára ohun tí wọ́n jà lé lórí ni bóyá èèyàn lè kọ oore-ọ̀fẹ́ ní ìkẹyìn: àwọn ti Calvin ní kò lè kọ̀ ọ́, àwọn ti Arminius ní ó lè kọ̀ ọ́. John Wesley, olùdásílẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó wà lápá ti Arminius, kò yé wàásù oore-ọ̀fẹ́ tó ń ṣáájú, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú èèyàn kó tó mọ̀ pé òun nílò rẹ̀. Àwa ará ilé wa ti jogún ìhà méjèèjì: Thomas Birch Freeman ti Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní September 1842, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, sì dé síbẹ̀ ní December ọdún kan náà.

Wesley yẹn náà, ó ní ọjọ́ tirẹ̀ o, àní wákàtí: ọjọ́ 24 oṣù May, 1738, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ lù, ní Aldersgate Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti jẹ́ àlùfáà fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà! Ẹni tó bá ní ọjọ́, kó máa fi dúpẹ́. Kó má fi na ẹlòmíràn.

Nípa ti Pọ́ọ̀lù: òun fúnra rẹ̀ kò sọ pé ọ̀nà Dàmásíkù ni Ọlọ́run ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òun. Nínú Gálátíà 1:15, ó ní láti inú ìyá òun ni wọ́n ti yà òun sọ́tọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀nà Dàmásíkù jẹ́ ìgbà tí ó mọ̀. Ẹ sì wo Tímótì tó fẹ́ràn bí ọmọ. Kò sí ìmọ́lẹ̀, kò sí ohùn. Ìyá ìyá kan wà, Lóísì, ìyá kan sì wà, Yúníìsì, àti Ìwé Mímọ́ láti ìgbà èwe. Pọ́ọ̀lù tó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fọ́ni lójú kò béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn rí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọ, ní abúlé kan lọ́nà Ìṣẹ́yìn, ìyá àgbà kan wà tó ń gbá àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì láràárọ̀. Kò wọlé. Ó gbá ìta tán, á fi ìgbálẹ̀ ti ara ògiri, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò títí a ó fi ṣe ìsìn tán. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi, mo mú ìwé ìforúkọsílẹ̀ jáde, mo bi í léèrè ìgbà tó ronú pìwà dà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo fẹ́ kí ìwé mi pé. Ó ronú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ní: “Àlùfáà, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣáà wá rí i pé bí mo bá fẹsẹ̀ kọ nísinsìnyí, Jésù ni mò ń pè.” Tẹ́lẹ̀, òrìṣà ilé wọn ló ń pè. Mi ò mọ ohun tí mo máa kọ sí àyè yẹn. Mo fà á lálà.

Bí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ ní Gbági, ta lẹ̀ ń pè? Ẹ ní oorun ti dá lójú yín nítorí ẹ̀rù pé ẹ ò jẹ́ ti Ọlọ́run. Ẹni tí Ọlọ́run kò fà, irú ìyẹn kì í dá oorun rẹ̀ dúró. Ó ń sùn fọnfọn.

Ẹ lè bi mí pé, bí Òun ló ń ṣe é, kí ni tiwa? Fílípì 2 so ó pọ̀: ẹ máa ṣiṣẹ́ ìgbàlà yín yọrí, nítorí Ọlọ́run ló ń ṣiṣẹ́ nínú yín, àti láti fẹ́ àti láti ṣe. “Nítorí” ni ó kọ. Lìdíà tí Olúwa ṣí ọkàn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fetí sílẹ̀, òun ló ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, òun ló sì rọ àwọn àpọ́sítélì títí wọ́n fi wọ̀ sílé rẹ̀. Lúùkù ní ó rọ̀ wọ́n débi tí wọn ò lè kọ̀. Ẹni tí wọ́n fà ti di ẹni tó ń fa èèyàn.

Ó ku àbúrò yín. Mi ò ní sọ pé Ọlọ́run kò pè é. Ní October 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà lórí ẹ̀rọ rólà tó fi ń ṣe ọ̀nà láàárín Iléṣà àti Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà kú, ó ń tún un ṣe, ohùn sì pè é lórúkọ. Kò wá ìpè. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe. Àjàyí ní tirẹ̀ kò fẹ́ jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Henry Venn, akọ̀wé CMS, ló rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà, tí wọ́n fi í joyè ní Canterbury lọ́jọ́ 29 oṣù June, 1864. Ohun tí mo ń wò lára ẹni tó bá ní wọ́n pe òun ni pé, ṣé ẹlòmíràn náà gbọ́ ọ? Nínú Ìṣe 13, ìjọ Áńtíókù ni Ẹ̀mí bá sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀. Sámúẹ́lì ọmọdé gbọ́ ohùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń sáré tọ Élì lọ. Arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú ló mọ ẹni tó ń pè é. Iṣẹ́ tíṣà náà sì jẹ́ ìpè. Àwọn ọmọ ogójì nínú kíláàsì kan kì í ṣe ìjọ kékeré.

Kó má tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Kó lọ bá àlùfáà rẹ̀ àti àgbà ìjọ méjì tó mọ̀ ọ́n nílé àti níta, kó sọ ohun tó gbọ́ fún wọn, kó sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ, títí kan ìyàwó rẹ̀ bó bá ti gbéyàwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀.